Omi Ọ̀sà Kọ́ Ni Omi Orí Àpáta: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Tó Ń Ti Ẹpẹ́ Lọ Sígbó Òjò

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti Ọjà Olúwo bọ̀ tààrà láìtíì sinmi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ń dá owó ìrìn-àjò yìí jọ, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé ká sọ bí èèyàn ṣe ń ṣàbẹ̀wò sí páàkì ìjọba tó wà nínú igbó òjò, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, tó sì ń di ibú tí àlejò ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ mú ni igbó Oban nínú Cross River National Park, àti ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Kwa tó wà ní abúlé Aningeje, ní agbègbè Akamkpa, tí kò jìnnà sí Calabar. A ó sọ̀rọ̀ bàtà, a ó sọ̀rọ̀ ejò, a ó sọ̀rọ̀ omi mímu. Ṣùgbọ́n ohun kan ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló ń bà wá lẹ́rù fún yín. Ọmọ Ẹpẹ́ mọ omi, kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀. Omi tó mọ̀ kọ́ ló ń lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀sà wa ná. Ó fẹ̀. Bó bá fẹ́ kún, ó máa ń gbà á lọ́jọ́ mélòó kan, ẹ ó sì rí i bó ṣe ń gun èbúté díẹ̀díẹ̀. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá ṣubú kò bá àpáta pàdé. Omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìjì tó bá ń bọ̀, ẹ ó ti rí i lójú ọ̀run kó tó dé. Ibú tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Ó há, ó tutù, àpáta ló yí i ká, òkè tí ẹ kò lè rí ni omi rẹ̀ sì ti ń bọ̀. Àwọn àgbà sọ pé odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Ẹja ni wọ́n sọ ọ́ fún.

Ní 1991 ni ìjọba àpapọ̀ dá páàkì yìí sílẹ̀. Apá méjì ló ní: Oban ní gúúsù, Okwango ní àríwá, wọn kò sì fara kanra. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, wọ́n tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà níbùú lóròó, èyí tó ju gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ, àti ilẹ̀ àti ọ̀sà. Igbó Oban bá igbó Korup ti orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù pààlà, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ṣìnà níbẹ̀ lè rìn títí kó jáde nílẹ̀ onílẹ̀. A ń sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọgbà ìgbafẹ́ ni. Ẹ kò lè wọ̀ ọ́ láìsí olùṣọ́ igbó tí wọ́n bá fi tì yín. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì páàkì, ẹ sọ iye yín àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá dé, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, ẹ san owó ìwọlé, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà orúkọ gbogbo yín ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé ní Ẹpẹ́ níbí, pẹ̀lú wákàtí tí ẹ ní ẹ ó jáde kúrò nínú igbó, kí onítọ̀hún mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín.

Èwo ni oṣù tó dára? Níbi tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ti ń ṣe àṣìṣe nìyí. Nílé wa níbí, òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ sì wà ní ìsinmi ilé ìwé, ni àwọn èèyàn bá ń rò pé àkókò ìrìn-àjò ló dé. Ní Calabar àti ní òkè Oban, oṣù keje àti oṣù kẹjọ wà lára àwọn tí òjò wọn pọ̀ jù lọ láàárín ọdún. Òjò tó ń rọ̀ ní Calabar lọ́dún tó nǹkan bí 3,000 mìlímítà, nǹkan bí ìlọ́po méjì ti Èkó, orí òkè sì tún ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, àárín ìparí oṣù kejìlá sí ìparí oṣù kejì ni kẹ́ ẹ lọ. Nígbà yẹn ọ̀nà ti gbẹ, omi ti mọ́, ó ti fà díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí omi tó ń já pẹ̀lú ariwo ńlá lè rò pé ìgbà yẹn kò wuyì tó. Kó wá wò ó ní oṣù kẹwàá láti òkèèrè, kó má wẹ̀ nínú rẹ̀. Oṣù kẹta ní ewu tirẹ̀: òjò àkọ́rọ̀ máa ń bá ìjì líle rìn, ẹ̀ka igi tó ti gbẹ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa já lulẹ̀. Kí ẹ tó tẹ́ àgọ́ síbikíbi, ẹ gbójú sókè wo ohun tó wà lórí yín.

Nípa ọ̀nà, ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó sí Calabar kò ju wákàtí kan lé díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò lọ yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Benin, Asaba, Onitsha, Owerri àti Aba kó tó bọ́ sọ́nà Calabar. Ẹ pín in sí ọjọ́ méjì, ẹ sùn ní Benin tàbí Asaba, ẹ má rìn lóru. Ẹ tún rántí ohun kékeré kan tó máa ń yọ àlejò lẹ́nu: oòrùn máa ń wọ̀ ní Calabar ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 17 ṣáájú ti Ẹpẹ́, nítorí pé ìlà oòrùn ni ibẹ̀ wà sí wa. Nínú igbó, níbi tí orí igi ti pàdé bí òrùlé, òkùnkùn tún ń yára dé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ kò ní rí gbòǹgbò tó wà níwájú ẹsẹ̀ yín mọ́. Nítorí náà, aago méje àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbéra, bí aago méjìlá bá sì lù, yálà ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ tàbí ẹ kò tíì dé, ẹ yí padà. Kìlómítà méjì péré ni ẹgbẹ́ èèyàn ń rìn ní wákàtí kan nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe márùn-ún bíi ti ojú títì.

Bí ẹ bá ń rìn, kí olùṣọ́ igbó wà níwájú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni kó tẹ̀ lé e gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, kí ẹni tó lágbára jù wà lẹ́yìn pátápátá. Bí a bá fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo sẹ́yìn, òun ni yóò máa sáré, òun náà ni yóò sọnù. Níbi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ẹ ka orí ara yín. Kí oníkálùkù gbé fèrè kékeré kọ́rùn: ìró mẹ́ta léraléra túmọ̀ sí pé mo nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá rí i pé òun kò rí ẹnikẹ́ni mọ́ kò gbọ́dọ̀ máa wá ọ̀nà kiri. Kó dúró síbi tó wà, kó máa fọn fèrè. Fóònù kò ní ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí nínú igbó, bó bá sì ṣe ń wá a kiri ni bátìrì ń tán, nítorí náà ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé.

Aṣọ: ẹ fi jíǹsì sílẹ̀ nílé. Bó bá ti rin, á wúwo, á máa bó ara ní itan, kò sì ní gbẹ lọ́jọ́ náà. Ṣòkòtò tírákì fúyẹ́ àti aṣọ alápá gígùn ló dára, kẹ́ ẹ ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ nítorí ìjàlọ. Bàtà òjò tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ dára nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sọdá odò tí omi kún inú rẹ̀, ó di òkúta lẹ́sẹ̀ yín. Bàtà olókùn tó há mọ́ ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn, kẹ́ ẹ tún mú kánfáàsì àtijọ́ kan tí ẹ ó wọ̀ wọnú omi. Sílípáàsì kò wúlò níbì kankan nínú ìrìn yìí, àfi nílé tí ẹ bá sùn. Aṣọ kan tí ẹ ó fi sùn, ẹ dì í sínú nylon méjì, ẹ má sì tú u títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Omi mímu: lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà 6. Àpò kan tó ní 20 tó èèyàn mẹ́ta fún ọjọ́ kan, yóò sì ku méjì. Ẹ kó gbogbo nylon rẹ̀ padà wálé. Bí omi bá tán, ẹ lè mu ti odò lẹ́yìn tó bá ti hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó ti wù kó mọ́ gaara tó, ẹ má mu ún tútù, nítorí ẹranko wà lókè odò. Ẹni tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì, ẹ po síbí kékeré 6 ṣúgà àti ìdajì síbí iyọ̀ sínú lítà kan omi tó mọ́, ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀. Kí síbí náà rí pẹrẹsẹ, ẹ má kó o gègèrè, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù a máa pa kún àìsàn náà.

Ó yá, a dé ibi omi.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òkè bẹ̀rẹ̀. Òjò tó ń pani níbi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kì í sábà rọ̀ sórí ẹni tó ń wẹ̀. Orí òkè tó jìnnà ló ti rọ̀. Oòrùn lè máa ràn lórí yín nígbà tí àgbàrá ti gbéra láti ibòmíràn. Àpáta kì í fa omi mu bí iyanrìn Ẹpẹ́ ti ń fà á, torí náà gbogbo ohun tó bá rọ̀ ló ń sáré wọ ojú odò kan ṣoṣo. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, omi orúnkún lè di omi àyà. A máa ń sọ pé àgbàrá òjò ò ní òun ò níí wólé, onílé ni ò níí gbà fún un. Níbi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, kò sí onílé. Kò sí ohun tó máa dá a dúró, àwa la máa kúrò lọ́nà fún un. Ẹ rántí Ọlúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já ní ìpele méje, tí àwọn ọmọ wa ń lọ lọ́dọọdún: ní 2022, àgbàrá ya dé bá àwọn àlejò níbẹ̀, ó sì gbé èèyàn lọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Bí ẹ bá ti dé etí ibú, kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ bàtà, ẹ yan òkúta kan tí omi fẹ́ẹ̀ dé orí rẹ̀, kí gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní wẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa wo òkúta yẹn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó sì máa wo ojú ọ̀run níhà òkè odò. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kó má baà sú u. Àmì mẹ́rin ló wà tó ń ṣáájú àgbàrá: omi tó mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́npọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń ṣàn bọ̀ lọ́pọ̀, ìró omi yí padà, ó rinlẹ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lókèèrè, òkúta yín ń rì. Ọ̀kan péré tó. Ẹ má dúró de èkejì, ẹ má padà lọ mú fóònù tàbí aṣọ. Bí ẹ bá sì ń jáde, ẹ gun òkè lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sáré tẹ̀ lé odò lọ sísàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ náà ni omi ń lọ, ó sì yára jù yín lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ wà ní òdìkejì odò nígbà náà, ẹ dúró sókè níbẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń fà láàárín wákàtí díẹ̀, ebi wákàtí díẹ̀ kì í sì í pààyàn.

Agbára omi tó ń ṣàn máa ń tan ojú wa jẹ. Bí omi bá yára ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni agbára tó fi ń ti ẹsẹ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí omi tí kò ju orúnkún lọ fi lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti dìde dúró, torí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta méjì, kí omi sì tẹ orí rẹ̀ rì. Kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kó na ẹsẹ̀ síwájú níhà tí omi ń lọ, kó máa fi ẹsẹ̀ gbá òkúta dànù, kó sì máa fi ọwọ́ wa ara rẹ̀ lọ sí etí odò. Àwọn tó ti ń wẹ̀ láti kékeré ló máa ń ṣòro fún jù, torí ara wọn ti mọ́ dídìde dúró nínú ọ̀sà.

Àwọn òmùwẹ̀ wa, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ibi tí omi ti ń já lulẹ̀ a máa hó funfun bí ọṣẹ. Òun ni gbogbo èèyàn fẹ́ lọ bá, wọ́n fẹ́ kí omi já lé wọn lẹ́jìká, kí wọ́n ya fọ́tò. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú omi funfun yẹn. Ohun tó ń gbé ara léfòó ni ìwúwo omi tí ara tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹni tó wúwo ní kìlógíráàmù 70, tó ń léfòó dáadáa nínú ọ̀sà, yóò rí i pé nǹkan bí kìlógíráàmù 21 ń fà á lọ sísàlẹ̀. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí a ń wọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kì í gbé ju kìlógíráàmù 7 sí 10 lọ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, omi tó já lulẹ̀ a máa wọlẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni yóò yọ sókè níwájú díẹ̀, apá kan rẹ̀ yóò sì tún ṣẹ́rí padà sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá bọ́ sínú àyípo yẹn, ì báà jẹ́ ìtì igi, a máa yí níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Bó bá gbé èèyàn, kó má bá a jà láti yọ sókè lójú ibẹ̀. Kó jẹ́ kó gbé òun wọlẹ̀, kó wá ti ẹ̀gbẹ́ tàbí ìsàlẹ̀ jáde níbi tí omi ti ń lọ. Ó dára jù kẹ́ ẹ má dé ibẹ̀ rárá. Ìpẹ̀kun ibú tó jìnnà sí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, níbi tí omi kò ti hó funfun mọ́, tó ti dákẹ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ti ń gùn díẹ̀díẹ̀, ni ibi ìwẹ̀. Ẹ fi òkúta tàbí okùn sàmì sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá.

Fífò láti orí àpáta: a kò fọwọ́ sí i fún ẹgbẹ́ yín, a ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó fò láti mítà 5 yóò kan omi ní nǹkan bí kìlómítà 36 ní wákàtí. Láti mítà 10, ó di 50. Eré ọ̀kadà nìyẹn. Bí òkúta bá wà ní mítà kan ààbọ̀ sísàlẹ̀, ọrùn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Omi tó mọ́ a sì máa jẹ́ kí ìsàlẹ̀ dà bí ohun tó sún mọ́ tòsí. Omi tó pọ́n kò sì ní jẹ́ ká rí i rárá. Ẹ kò lè fi ìrírí èṣí gbára lé e, nítorí gbogbo ìgbà òjò ni àgbàrá ń yí òkúta àti ìtì igi wọnú ibú. Kódà bí ẹ kò bá fò, ẹ fi ọ̀pá gígùn, irú èyí tí a fi ń ti ọkọ̀ nínú ọ̀sà, wọn ìsàlẹ̀ omi káàkiri ibi tí ẹ fẹ́ wẹ̀ kí ọmọdé tó wọ̀ ọ́.

Omi yẹn tún tutù ju tiyín lọ. Omi a máa fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fà á lọ. Ẹ rọra wọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ bu omi sí ojú àti àyà, kí èémí má baà já lójijì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, ẹ jáde síta. Bí ètè ọmọ bá ti ń gbọ̀n, ó ti pẹ́ jù. Iṣan ẹsẹ̀ tó ń fà ni àmì tí àgbàlagbà máa ń kà sí kékeré. Àwọn tó kọ́ ìwẹ̀ ní etí òkun náà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé omi iyọ̀ ń gbéni léfòó ju omi odò lọ.

Àpáta ẹ̀gbẹ́ ibú ló ń ṣe èèyàn léṣe jù, ju omi fúnra rẹ̀ lọ. Ewédò tín-ín-rín tó dúdú lórí rẹ̀ yọ̀ bí ilá. Ẹ máa gbé ẹsẹ̀ lé ibi tó gbẹ tàbí ibi tó ní iyanrìn, kí ọwọ́ kan má ṣe di ohunkóhun mú. Ẹ má gun orí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ wo ìsàlẹ̀, bó ti wù kí ibẹ̀ tẹ́jú tó.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ mú tiyín láti ilé. Ẹ ti ní in ní èbúté, ẹ má sọ pé ẹ ó rí i lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ fún ọmọ tí wọ́n sì de gbogbo okùn rẹ̀, ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì mú, ẹ gbé e sókè. Bó bá kọjá etí ọmọ náà, ó tóbi jù, nínú omi ni yóò ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Àgbàlagbà kan sí ọmọ kan, kí ọwọ́ àgbà máa tó ọmọ náà nígbà gbogbo. Ẹni tó ń rì kì í pariwo. Ẹnu rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì lè lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ní ojú gbogbo ẹni tó jókòó tì í.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bẹ́ wọ inú omi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti ń sin ẹni méjì níbi tó yẹ ká ti gba ẹnì kan là. Ẹ na ọ̀pá sí i. Bí ọ̀pá kò bá tó, ẹ ju kẹ́ẹ̀gì: kẹ́ẹ̀gì lítà 10, kẹ́ ẹ fi omi bí ìdajì lítà sínú rẹ̀ kó lè fò, kẹ́ ẹ dé e pinpin, kẹ́ ẹ so okùn mítà 20 mọ́ ọn. Kí okùn náà jẹ́ irú okùn rọ́bà àwọn apẹja tó ń léfòó. Ẹ jù ú kọjá orí onítọ̀hún kí okùn bọ́ sí i lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì jókòó nígbà tí ẹ bá ń fà á, kó má baà fà yín wọlé. Ẹni tó di kẹ́ẹ̀gì mú gbọ́dọ̀ wà níhà ìsàlẹ̀ odò kí ìwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú okùn tí wọ́n ti ká sílẹ̀ tí kò lọ́. Ẹ fi ọjọ́ kan dán an wò nínú ọ̀sà níbí kẹ́ ẹ tó lọ.

Bí ẹ bá ti gbé e jáde tí kò mí dáadáa, ẹ má dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ láti fi omi jáde. Afẹ́fẹ́ ló nílò. Ẹ tẹ́ ẹ lálọ, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ fún un ní èémí márùn-ún láti ẹnu dé ẹnu. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà 30, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ní ìwọ̀n nǹkan bíi méjì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èémí méjì, 30 mìíràn. Ẹ pààrọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú méjì méjì, ẹ má sì dáwọ́ dúró títí yóò fi mí tàbí tí oníṣègùn yóò fi dé. Kódà ẹni tó jí, tó sì sọ pé kò sóhun tó ṣe òun, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Nípa kòkòrò, ẹ̀fọn kọ́ nìkan. Amùkúrù, eṣinṣin kékeré dúdú tó ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú kiri, kì í bí sínú omi tó dúró. Omi tó ń sáré lórí àpáta ni ilé rẹ̀, ọ̀sán ló sì ń jẹni. Ìjẹ ọjọ́ kan kì í sábà fọ́ ojú èèyàn, ọdún púpọ̀ ló máa ń gbà, síbẹ̀ ẹ fi òògùn tó ń lé kòkòrò pa ẹsẹ̀ àti apá tí kò sí nínú omi. Àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kí èèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, ni ìdàkejì: ìgbín omi tó ń gbé e fẹ́ràn ibi tí omi ti sinmi, tí koríko sì wà. Nítorí náà ẹ má wẹ̀ ní etí odò tó kún fún koríko nísàlẹ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ejò tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni paramọ́lẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé gbígbẹ tó sùn sí. Ẹ gun orí ìtì igi kẹ́ ẹ wo òdìkejì kẹ́ ẹ tó sọ̀. Bó bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má so ó pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti aago, ẹ di igi mọ́ ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn.

Ẹni tó bá ń lọ sí Oban nítorí ìnàkí ńlá tí wọ́n ń pè ní gorilla, ibi tí kò sí ló ń lọ. Ní Nàìjíríà, apá Okwango, òkè Mbe àti òkè Afi ni àwọn ìnàkí Cross River wà, wọn kò sì tó 300 mọ́ ní gbogbo ayé. Ní Oban, ẹ lè gbọ́ ohùn ọ̀bọ, kẹ́ ẹ rí ipa ẹsẹ̀ erin, kẹ́ ẹ má sì fi ojú kan ẹranko ńlá kankan. Wọ́n ti gbọ́ ariwo yín láti òkèèrè. Bí ẹ bá dákẹ́ ní aago méje àárọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, ẹ ó gbọ́ ìyẹ́ àgbìgbò bó ti ń lu afẹ́fẹ́ lórí igi, ẹ sì lè rí agbe, ẹyẹ aláró tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ nínú oríkì nìkan. Fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì mọ́ irú ìrìn yìí, ẹ kọ́kọ́ lọ rin afárá orí igi tó wà ní Lekki Conservation Centre. Mítà 401 ni gígùn rẹ̀, yóò sì sọ fún yín ẹni tí òyì ń kọ́ nínú ẹgbẹ́ yín.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà dé Ẹpẹ́, ìrìn náà kò tíì tán lára. Ibà tó bá mú ẹnikẹ́ni láàárín oṣù kan, ẹ má kà á sí àárẹ̀ ọ̀nà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Kúrúnà tàbí ara yíyún ní ọjọ́ kejì ìwẹ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Àtọ̀sí ajá ní òògùn tó ń wò ó, praziquantel ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ wọ odò kò ní wá a. Torí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wẹ̀ àti orúkọ odò náà sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn án.